Tí wọ́n bá ní kí gbogbo mọ́tò akérò ní tíráákà, ta ni yóò máa san owó rẹ̀ lọ́dọọdún?

Dẹ́rẹ́bà_Ojúẹlẹ́gbà · Mọ́ńdè, 2:15 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mọ́tò akérò tí wọ́n ń fi áàpù pè ni mò ń wà, láti Súrùlérè dé Ìsàlẹ̀ Èkó, ó di ọdún kẹrin báyìí. Mọ́tò náà ò tíì di tèmi. Ọ̀gá kan ló rà á, èmi sì ń san owó rẹ̀ fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí tí yóò fi pé.

Láàárọ̀ yìí mo wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí bíríìjì Kátà, mò ń gbọ́ rédíò. Ẹnì kan pè wọlé, ó ní kí ìjọba sọ ọ́ di òfin pé gbogbo mọ́tò tó ń gbé èrò l'Ékòó gbọ́dọ̀ ní tíráákà, ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí mọ́tò wà hàn, nítorí àwọn one-chance. Atọ́kùn ètò ní àbá gidi ni. Ẹnì kejì pè, òun náà fọwọ́ sí i, ẹnì kẹta náà bẹ́ẹ̀. Mò ń retí kí ẹnì kan béèrè ẹni tí yóò sanwó. Títí ètò fi parí, kò sẹ́ni tó béèrè.

Tíráákà ti wà lára mọ́tò tí mò ń wà láti ọjọ́ kìíní, torí náà ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ. Ọjọ́ tí mo gba mọ́tò, ọ̀gá mi ṣírò 70,000 náírà mọ́ gbèsè mi, ó ní owó tíráákà ni. Mo gbà, mo rò pé ó parí síbẹ̀. Nígbà tó pé ọdún kan, ẹni tó bá wa so ó ránṣẹ́ pé owó ọdún ti tó, 20,000. Oṣù yẹn gan-an ni mò ń san owó ilé ìwé ọmọ, mi ò rí i san. Tíráákà bá dákẹ́. Ọ̀gá mi ò rí mọ́tò rẹ̀ mọ́ lórí fóònù, ó pè mí, ohùn rẹ̀ ti yí padà, ó ní kí n gbé mọ́tò wá sí Yábà kíá. Ọjọ́ méjì ni mọ́tò fi wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó tún un tàn. Owó ọ̀sẹ̀ yẹn ò tìtorí ẹ̀ dín kù.

Ti bátìrì tún wà ńbẹ̀. Tí n bá gbé mọ́tò kalẹ̀ lálẹ́ Sátidé, tí n ò fọwọ́ kàn án títí di àárọ̀ Mọ́ńdè, kì í fẹ́ tan. Mo ti ra bátìrì tuntun kí ẹnì kan tó sọ fún mi pé tíráákà ló ń mu ún.

Ẹ wá bá mi fi èyí kún ohun tó ti wà nílẹ̀. Ínṣọ́ránsì third-party tí à ń san ní 5,000 di 15,000 láti oṣù kìíní ọdún 2023. Ọdún yẹn kan náà, lẹ́yìn ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà epo tí kò tó 200 náírà fò súnmọ́ 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Owó tí èrò ń san ò fò bẹ́ẹ̀.

Mi ò ní tíráákà ò dára o. Ohun tí mò ń bi yín ni pé, tó bá jẹ́ pé ìlú ló fẹ́ ẹ nítorí ààbò gbogbo wa, kí ló dé tó fi jẹ́ ọrùn dẹ́rẹ́bà nìkan ni wọ́n máa gbé e kọ́?

Rìwáyà_Ládípọ̀ · Mọ́ńdè, 3:02 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú. Iṣẹ́ rìwáyà ni mò ń ṣe ní Ládípọ̀, mi ò lè ka iye tíráákà tí mo ti so mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí owó ọdún yẹn ń lọ, torí ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ló rò pé sátẹ́láìtì làwọn ń sanwó fún. Rárá o. Àwọn sátẹ́láìtì GPS wà lókè lọ́hùn-ún, nǹkan bí 20,200 kìlómítà sí ilẹ̀. Amẹ́ríkà ló ni wọ́n, wọn kì í sì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá ń gbọ́ wọn. Tíráákà kàn ń tẹ́tí sí wọn ni, á wá fi ohun tó gbọ́ ṣírò ibi tó wà. Sátẹ́láìtì fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé ẹ wà ní Ojúẹlẹ́gbà. Síìmù tó wà nínú tíráákà, bíi ti fóònù, ló ń gbé ìròyìn náà lọ sínú kọ̀ǹpútà àwọn tó ń ṣọ́ mọ́tò. Dátà síìmù yẹn àti owó kọ̀ǹpútà yẹn ni ẹ̀ ń san lọ́dọọdún. Ní oṣù kìíní ọdún 2025 tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ fóònù, fún wọn láyè láti fi tó ìdá 50 nínú 100 lé owó wọn, ẹni tí èmi ń gba tíráákà lọ́wọ́ rẹ̀ náà gbé tirẹ̀ sókè. Ẹni tó bá ní ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa sanwó tíráákà, kò sọ òótọ́ fún yín.

Ti bátìrì yẹn, ó jọ pé èyí tí kò dára ni wọ́n so fún yín. Tíráákà tó dáa máa ń sùn tí ẹ bá ti pa mọ́tò, á kàn máa jí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan wà tí kì í sùn rárá. Ẹ ní kí rìwáyà yín fi mítà wọn iná tó ń jáde lára bátìrì lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa mọ́tò tí ẹ ti tilẹ̀kùn, kí ó dúró bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tó bá ju 50 milliamp lọ, nǹkan kan ń mu ún.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni rélè tí wọ́n fi ń pa ẹ́ńjìnì láti orí fóònù. Wáyà pọ́ǹpù epo ni ọ̀pọ̀ ń so ó mọ́. Ẹ fojú inú wò ó, ẹ wà lórí Third Mainland, kìlómítà 11.8 ni bíríìjì yẹn, omi lọ́tùn-ún, omi lósì, ẹ wà lórí 80, ẹnì kan tó jókòó sínú ilé tẹ bọ́tìnì kan. Ẹ́ńjìnì kú, sítẹ́árìn le, búréèkì náà le, dáńfó sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Èyí tó dáa ò ní gbà láti pa ẹ́ńjìnì àfi tí mọ́tò bá ti rọra gan-an. Tí wọ́n bá máa ṣòfin tíráákà, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó dórí owó.

Ìyá_Ìdúmọ̀tà · Mọ́ńdè, 8:47 alẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Aṣọ ni mò ń tà ní Ìdúmọ̀tà. Ní ọdún 2022, wọ́n gbé mi ní one-chance ní Ọbáléńdé. Aago mẹ́jọ alẹ́ ti lọ díẹ̀, mọ́tò ò sí, ẹsẹ̀ mi ti wú. Dáńfó kan dúró, ó ń pe Ajáh. Obìnrin kan wà níwájú pẹ̀lú ọmọ lẹ́sẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. A ò tíì dé Lẹ́kkí tí wọ́n fi yọ ọ̀bẹ. Wọ́n gba owó ọjà, wọ́n gba fóònù, wọ́n fìyà jẹ mí títí mo fi sọ nọ́ńbà káàdì báǹkì mi. Etí ọ̀nà ni wọ́n tì mí dànù sí, mo fi ìgbápá jábọ́, ó ń dùn mí títí dòní tí òjò bá ti ṣú.

Nígbà tí mo dé àgọ́ ọlọ́pàá, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni nọ́ńbà mọ́tò. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ta ló máa ń wo nọ́ńbà dáńfó nínú òkùnkùn? Ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀ yẹn.

Mo gbọ́ 70,000, mo gbọ́ 20,000. Owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn ju gbogbo rẹ̀ lọ, owó ọjà olówó ọjà sì wà nínú rẹ̀. Mi ò ní mọ́tò tèmi, mọ́tò yín ni mo ṣì ń wọ̀. Tí tíráákà bá lè jẹ́ kí wọ́n rí àwọn èèyàn yẹn, mo fẹ́ ẹ.

Dẹ́rẹ́bà_Ojúẹlẹ́gbà · Mọ́ńdè, 9:30 alẹ́

Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ewu. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ tún rí irú ẹ̀ mọ́. Ìyàwó mi náà ń wọ mọ́tò lálẹ́, mi ò lè fojú kéré ohun tí ẹ sọ.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi rò, ẹ má bínú. Mọ́tò tí wọ́n fi gbé yín yẹn, ṣé ẹ rò pé ó ní pépà? Tí òfin bá jáde lọ́la, èmi tí orúkọ mi, àwòrán mi àti nọ́ńbà mọ́tò mi ti wà lórí áàpù tẹ́lẹ̀ ni màá kọ́kọ́ lọ so tíráákà, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n dá mi dúró lọ́nà. Àwọn wọ̀nyẹn ò ní lọ.

Rìwáyà_Ládípọ̀ · Mọ́ńdè, 9:41 alẹ́

Òótọ́ ni. Tí wọ́n bá tiẹ̀ jí èyí tó ní tíráákà, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń kì bọ ihò iná sìgá, ariwo ló ń pa sí i létí tí kò fi ní gbọ́ sátẹ́láìtì mọ́. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ń fi tíráákà pamọ́ sí, ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó o láti fa wáyà rẹ̀ yọ. Mi ò sọ èyí láti já Màmá kulẹ̀ o.

Onímọ́tò_Yábà · Túsìdeè, 7:10 àárọ̀

Èmi ni apá kejì ọ̀rọ̀ yìí. Mọ́tò mẹ́ta ni mo fún dẹ́rẹ́bà. Èmi kọ́ ni ọ̀gá dẹ́rẹ́bà tó kọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n mo máa ń ṣe ohun tí ọ̀gá rẹ̀ ṣe. Ní ọdún 2021, dẹ́rẹ́bà kan gbé mọ́tò mi lọ, ó pa fóònù. Máápù fi hàn wá pé mọ́tò dúró sí Àgbárá, lójú ọ̀nà Bàdágírì. A bá a níbẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n ti ń wá ẹni tó máa rà á. Owó ìfẹ̀yìntì mi ni mo fi ra mọ́tò yẹn. Ẹ má sọ fún mi pé tíráákà ò wúlò.

Àwọn àgbà ní ẹlẹ́rù ní í gbé ẹrù níbi tó ti wúwo. Alẹ́ àná ni mo jókòó ti ìwé ìṣirò mi, mo rí i pé láti ọdún 2021, èmi ò tíì san owó ọdún kankan fúnra mi. Orí dẹ́rẹ́bà ni mò ń kà á lé. Bẹ́ẹ̀, títí tí dẹ́rẹ́bà fi máa san owó tán, mọ́tò tèmi ni, ohun ìní tèmi ni tíráákà ń ṣọ́. Kò tọ́. Láti oṣù tó ń bọ̀, èmi ni màá máa san án. Tí ó bá di òfin ìjọba lórí gbogbo mọ́tò akérò, mo fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin bẹ́ẹ̀ pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé mọ́tò ni kó sanwó.

Dẹ́rẹ́bà_Ojúẹlẹ́gbà · Túsìdeè, 7:25 àárọ̀

Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Mi ò rò pé onímọ́tò kankan máa sọ èyí.

Ọmọ_Èkó_Jámánì · Túsìdeè, 10:05 àárọ̀

Hamburg ni mò ń gbé, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ni wọ́n bí mi sí. Níbí, òfin gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù ni pé irú mọ́tò tuntun tí wọ́n bá fọwọ́ sí láti ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2018 gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní eCall. Tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ tí báàgì afẹ́fẹ́ bú jáde, mọ́tò fúnra rẹ̀ á pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì wọn, á sọ ibi tó wà. Bọ́tìnì náà wà tí èèyàn lè tẹ̀. Àmọ́ ẹ fetí sí èyí: láti ìgbà tí ẹ bá ti tan mọ́tò títí tí ẹ ó fi pa á, tí jàǹbá ò bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀rọ yẹn ń sùn ni. Òfin kò gbà kó máa tẹ̀lé èèyàn kiri. Inú owó tí èèyàn fi ra mọ́tò ni owó rẹ̀ wà, wọn ò sì gba owó ọdún lórí ẹ̀.

Èyí tó jọ ọ̀rọ̀ Màmá ni ti Íńdíà. Wọ́n fìyà burúkú jẹ ọmọbìnrin kan nínú bọ́ọ̀sì ní Delhi ní ọdún 2012, ó sì kú. Láti oṣù kìíní ọdún 2019, wọ́n ní kí mọ́tò akérò tuntun níbẹ̀ ní tíráákà pẹ̀lú bọ́tìnì pàjáwìrì tí èrò lè tẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, irú èyí tí a ń pè ní márúwá, kò sí nínú rẹ̀.

Dáńfó_Ọ̀yìngbò · Túsìdeè, 1:20 ọ̀sán

Mọ́tò tuntun lẹ̀ ń sọ. Dáńfó mi ti tó ogún ọdún lójú títì, ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì ti di ẹ̀kẹta. Ta ni yóò wá fi báàgì afẹ́fẹ́ sí i?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti spídì límítà, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí mọ́tò sáré jù. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2016 ni Road Safety ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mọ́tò akérò. Mo rà á nígbà yẹn, mo gba ìwé ẹ̀rí. Kò ì pé ọdún méjì tó fi bàjẹ́. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti so ó, ẹni tó ń ta fóònù ni mo bá níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún un ṣe, kò sẹ́ni tó dá owó padà. Títí dòní, ìwé ẹ̀rí yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, ìwé yẹn nìkan ni gbogbo ẹni tó bá dá mi dúró ń béèrè. Kò sẹ́ni tó yẹ inú mọ́tò wò rí. Ìyẹn ló ń dùn mí ju owó lọ, pé ìwé ni wọ́n fẹ́ rí, kì í ṣe pé kí mọ́tò má sáré.

Lóṣù kejì ọdún 2022, ìjọba Èkó gbé owó 800 náírà lójúmọ́ jáde fún mọ́tò akérò, wọ́n ní ó ti kó gbogbo owó pọ̀ sójú kan. Mò ń san án. Bí mo bá sì dúró ní ibùdókọ̀ kan, ọmọkùnrin kan á tún di wáípà mi mú. Tí tíráákà bá dé, mo mọ̀ pé ẹlòmíì tún máa wà lójú ọ̀nà tó máa máa béèrè ìwé tíráákà.

Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé àwa dẹ́rẹ́bà fẹ́ràn àwọn olè yẹn. Àwọn ni kò jẹ́ kí èrò fẹ́ wọ mọ́tò wa mọ́ tí ilẹ̀ bá ti ṣú.

Amòfin_Ìkejà · Túsìdeè, 6:55 alẹ́

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ẹ ò tíì fọwọ́ kàn. Tíráákà kì í sọ ibi tí mọ́tò wà nìkan. Tí ẹ bá kó ìròyìn oṣù mẹ́ta jọ, ẹ ó mọ ilé tí dẹ́rẹ́bà ń sùn, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tó ń lọ, ilé ìwòsàn tó ń gbé ìyá rẹ̀ lọ. Ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀? Ọjọ́ mélòó ni wọn yóò fi pamọ́? Ta ló lè béèrè pé kí wọ́n fi hàn òun?

Abala 37 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 dáàbò bo ìgbésí ayé ìkọ̀kọ̀ ọmọ Nàìjíríà, òfin ààbò dátà sì ti wà láti oṣù kẹfà ọdún 2023. Torí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kàn sọ lórí rédíò pé kí wọ́n so ó, kí ó sì parí síbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọlọ́pàá so GPS mọ́ mọ́tò ẹnì kan, wọ́n fi tẹ̀lé e fún ọjọ́ 28. Ní ọdún 2012, ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù lọ dájọ́ pé bí ẹni wọlé èèyàn láti yẹ ẹrù rẹ̀ wò ni. Ẹjọ́ wọn kì í ṣe òfin níbí, àmọ́ ìbéèrè kan náà ló wà níwájú wa.

Lórí owó, ẹ má ṣe rò pé ẹnu yín ò tólẹ̀. Ní ọdún 2020, ìjọba Èkó kọ́kọ́ ní kí wọ́n máa yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi áàpù pè. Wọ́n jókòó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú àwọn ilé iṣẹ́ náà nínú oṣù kẹjọ, ó di 20 náírà lórí ìrìn àjò kan. Ìgbà tí òfin bá ti jáde tán kọ́ ni kí ẹ tó máa sọ̀rọ̀.

Ìyá_Ìdúmọ̀tà · Túsìdeè, 8:15 alẹ́

Bọ́tìnì tí ọmọ tó wà ní Jámánì sọ yẹn, ó ti wọ̀ mí lọ́kàn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ti gba fóònù mi. Tí bọ́tìnì bá wà lábẹ́ àga, ǹ bá ti tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá tẹ̀ ẹ́, ta ni yóò gbọ́?

Rìwáyà_Ládípọ̀ · Túsìdeè, 8:32 alẹ́

Màmá, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Síso bọ́tìnì ò le, wáyà méjì péré ni. Ẹni tí yóò gbọ́ ló le. Èkó ní 767 àti 112 tí à ń pè lọ́fẹ̀ẹ́ fún pàjáwìrì. Tí bọ́tìnì bá lè lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn pẹ̀lú ibi tí mọ́tò wà, ìyẹn ni nǹkan tí ó yẹ kí owó lọ sí. Tíráákà tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà ní ọ́fíìsì ẹni tó tà á, tó ti tilẹ̀kùn láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kò lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀ ní Ọbáléńdé ní aago mẹ́jọ alẹ́.

Onímọ́tò_Yábà · Túsìdeè, 9:00 alẹ́

Tó bá jẹ́ báyìí ni, mo rí i pé owó méjì ló wà níbẹ̀. Èyí tó ń ṣọ́ mọ́tò mi, èmi ni kí n san án. Èyí tó ń ṣọ́ èrò, iṣẹ́ ìlú ni, bí iná ojú títì, owó ìlú ni kó san án. Ohun tó ku dẹ́rẹ́bà ni kó má fa wáyà yọ.

Dáńfó_Ọ̀yìngbò · Túsìdeè, 9:12 alẹ́

Mo fara mọ́ ọn. Ẹ fi ọ̀kan kún un: ẹni tó bá tà á gbọ́dọ̀ tún un ṣe tó bá bàjẹ́, kí wọ́n má sì dá dẹ́rẹ́bà dúró nítorí síìmù tí nẹ́tíwọ̀kì ò gbé.

Dẹ́rẹ́bà_Ojúẹlẹ́gbà · Wẹ́sìdeè, 6:20 àárọ̀

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sínú ìwé kan. Àwa dẹ́rẹ́bà áàpù tó wà ní Súrùlérè máa ń ṣèpàdé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, a sì ti ń múra láti kọ̀wé sí aṣòfin àdúgbò wa. Màá gbé ti rélè yẹn síwájú, nítorí ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ̀ pé ó wà lára mọ́tò wọn. Lẹ́yìn náà ni ti bọ́tìnì, kó tó di ti owó. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí. Màmá, tí ara yín bá le, ṣé ẹ lè wá bá wa sọ̀rọ̀? Èmi fúnra mi á wá gbé yín, ẹ ò ní san kọ́bọ̀.

Ìyá_Ìdúmọ̀tà · Wẹ́sìdeè, 7:02 àárọ̀

Mò ń bọ̀. A máa ń jáde ṣọ́ọ̀ṣì ní aago mọ́kànlá. Fi nọ́ńbà mọ́tò rẹ ránṣẹ́ sí mi kí o tó dé, kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ mi.